Kókó Ara Gbòǹgbò: Àjọṣe Bakitéríà, Olú àti Ohun Ọ̀gbìn Nínú Oko Wa

Nígbà tí ẹ̀wà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín, ẹ mú ọkọ́ dání kí ẹ lọ wo gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ má fà á tu o. Bí ẹ bá fà á, ohun tí a fẹ́ wò yóò já kù sínú ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, ẹ hú u tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ gbé e sínú korobá omi, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí erùpẹ̀ yóò fi tú kúrò fúnra rẹ̀. Ẹ hú bíi mẹ́wàá láti igun oko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ilẹ̀ oko kan kì í rí bákan náà yíká.

Ẹ ó rí àwọn kókó roboto tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ju mìlímítà 2 sí 5 lọ. Èyí tó bá wà lára olórí gbòǹgbò, nítòsí ibi tí igi ẹ̀wà ti yọrí jáde nínú ilẹ̀, ló tètè wọlé, òun ló sì sábà máa ń wúlò jù. Ẹ mú bíléèdì, ẹ la márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú wọn sí méjì. Bí inú wọn bá pupa, ì báà jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Bí ó bá funfun, yálà wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí kí ó jẹ́ pé irú tó ń jẹun láìṣiṣẹ́ ló wà nínú wọn. Bí ó bá ti di àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ó ti gbó nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má fi gbòǹgbò ẹ̀wà tí èso rẹ̀ ti ń gbẹ ṣe ìdájọ́ ohunkóhun, àsìkò ti kọjá.

Ohun tó ń mú inú kókó yẹn pupa bá èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa tan. Àìmọye bakitéríà ló ń gbé nínú kókó kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wọn ni láti mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́, tó jẹ́ ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, kí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀wà lè fi kọ́ ewé àti èso. Kò sí ohun ọ̀gbìn tó lè dá a ṣe fúnra rẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé èròjà tí bakitéríà fi ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń bàjẹ́ bí ọ́síjìn bá kàn án, bẹ́ẹ̀ bakitéríà náà gbọ́dọ̀ mí. Ohun pupa yẹn, tí ẹ̀wà ń ṣe fún wọn, ló ń yanjú ọ̀rọ̀ náà: ó ń di ọ́síjìn mú, ó sì ń bù ú fún wọn ní ìwọ̀n. Ẹ̀wà tún ń fún wọn ní oúnjẹ tí ewé rẹ̀ ti fi oòrùn ṣe. Àwọn bàbá wa ti ń gbin ẹ̀wà mọ́ àgbàdo tipẹ́tipẹ́ kí Martinus Beijerinck, ará Netherlands, tó yọ bakitéríà yìí láti inú kókó ní 1888, tó sì tọ́ ọ lọ́tọ̀.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi aràn pe kókó. Aràn ilẹ̀ kan wà, tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tó máa ń mú kí gbòǹgbò wú. Kókó bakitéríà so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ni. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tì í, yóò bọ́. Gbòǹgbò gan-an ló ń wú ní ti aràn, kò sì ní bọ́ àfi bí gbòǹgbò náà bá já. Mo ti rí àgbẹ̀ tí inú rẹ̀ ń dùn sí gbòǹgbò tí aràn ti jẹ gbáà, nítorí ó rò pé kókó ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bakitéríà kì í dúró sójú kan

Ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bakitéríà rere wà lọ́tọ̀, bakitéríà burúkú wà lọ́tọ̀, tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀. Nínú erùpẹ̀ gíráàmù kan péré, bakitéríà lè lé ní 100 mílíọ̀nù, wọ́n sì ń bí síi láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan bí oúnjẹ bá wà. Nínú irú ìbísí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kékeré nínú jíìnì kì í wọ́n, èyí tó bá sì bá ibi tí wọ́n wà mu ló ń gbilẹ̀. Èyí nìkan kọ́. Bakitéríà lè gba jíìnì lọ́wọ́ aládùúgbò tí kì í ṣe ìran rẹ̀ rárá, kí ó sì máa lò ó láti ọjọ́ náà lọ.

Ìtàn tó fi èyí hàn dáadáa wá láti New Zealand. Wọ́n gbin oúnjẹ ẹran kan, Lotus corniculatus, sí ilẹ̀ tí kò ní bakitéríà tó lè bá a kọ́ kókó. Wọ́n wá fi irú bakitéríà kan ṣoṣo pa irúgbìn náà lára kí wọ́n tó gbìn ín. Lẹ́yìn ọdún méje, John Sullivan, Clive Ronson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Otago yẹ gbòǹgbò wò. Oríṣiríṣi bakitéríà ni wọ́n bá nínú kókó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ọmọ èyí tí wọ́n fi sí i. Onílé ni wọ́n, àwọn tó ti wà nínú ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ tí wọn kò mọ bí a ṣe ń kọ́ kókó. Ara àlejò ni wọ́n ti rí i gbà: odidi abala jíìnì kan, tó gùn tó nǹkan bí 500,000 lẹ́tà DNA, ti kúrò lára àlejò wọ ara onílé, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń kọ́ kókó sì wà nínú rẹ̀. Ìròyìn wọn jáde ní 1995 àti 1998.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, pẹ̀lú oúnjẹ ẹran mìíràn tí wọ́n mú wá láti òkèèrè. Níbẹ̀, àwọn onílé tó gba jíìnì tuntun mọ kókó kọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn kì í fún ohun ọ̀gbìn ní náítírójìn tó nǹkan. Wọ́n gba ilé, wọ́n ń jẹun, wọn kò san ohunkóhun. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ bíléèdì. Ẹni tó bá ka kókó láìla á kò tíì mọ ohun tó ń lọ nínú oko rẹ̀.

Ohun ọ̀gbìn pàápàá kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Toby Kiers àti Ford Denison pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì California ní Davis fi sọ́yà dán èyí wò, ìròyìn wọn sì jáde ní 2003. Wọ́n yọ náítírójìn kúrò nínú afẹ́fẹ́ tó yí àwọn kókó kan ká, wọ́n fi gáàsì mìíràn rọ́pò rẹ̀, kí bakitéríà inú wọn má baà rí ohun fún sọ́yà bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́. Sọ́yà dín ọ́síjìn tó ń wọ inú àwọn kókó wọ̀nyẹn kù, bakitéríà inú wọn kò sì bí síi tó ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá mú ohunkóhun wá, oúnjẹ rẹ̀ yóò dínkù. Ìjìyà yìí ló ń jẹ́ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ máa pọ̀ nínú ilẹ̀ lẹ́yìn tí kókó bá ti jẹrà, tí wọ́n sì padà sínú erùpẹ̀ láti dúró de ẹ̀wà ọdún tó ń bọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ fatiláísà ti wọlé. Bí ilẹ̀ bá ti kún fún náítírójìn láti inú Urea, ẹ̀wà kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ kókó, nítorí kò nílò rẹ̀. Èyí ni ojú ń rí láàárín ọdún kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló burú jù. Ní ibùdó ìwádìí Kellogg ní Michigan, Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń da náítírójìn sí àwọn abala ilẹ̀ kan fún ọdún 22. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mú bakitéríà láti ibẹ̀, tí wọ́n fi wọ́n sí ìdí koríko clover, clover náà kò dàgbà tó èyí tó ń bá bakitéríà láti ilẹ̀ tí wọn kò da nǹkan sí gbé. Ìròyìn yẹn jáde ní 2015. Bakitéríà ti yí padà sí ọ̀lẹ nítorí ohun tí ènìyàn ń ṣe lórí ilẹ̀.

Clover kì í ṣe ẹ̀wà, Michigan kì í sì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́. Síbẹ̀, èyí ti tó fún mi láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má da Urea sí oko ẹ̀wà. Bí ẹ bá ní owó fatiláísà, èyí tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, bíi SSP, ni kí ẹ fi sí i nígbà gbíngbìn. Iṣẹ́ tí kókó ń ṣe gba agbára púpọ̀, láìsí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò sì lè lọ dáadáa. Bí ẹ bá gbin ẹ̀wà mọ́ àgbàdo, ìdí àgbàdo ni kí ẹ ti bu Urea, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀.

Bakitéríà inú ọ̀rá

Àwọn àgbẹ̀ máa ń béèrè bóyá ó yẹ kí àwọn ra bakitéríà tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá. Fún ẹ̀wà tiwa, kò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan, nítorí ẹ̀wà máa ń gba ọ̀pọ̀ irú bakitéríà kókó tí wọ́n ń pè ní Bradyrhizobium, wọ́n sì wà nínú ilẹ̀ wa níbi gbogbo. Ẹ̀pà náà rí bẹ́ẹ̀. Sọ́yà ló yàtọ̀. Irú sọ́yà tí wọ́n ń gbìn ní Amẹ́ríkà máa ń yan bakitéríà rẹ̀ láàyò, èyí tó sì ń yàn kò wọ́pọ̀ nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, rí i pé àgbẹ̀ kékeré kò ní rí bakitéríà rà déédéé, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn ní ìparí àwọn ọdún 1970: wọ́n mú sọ́yà tó lè bá bakitéríà onílé ṣe, wọ́n fi dá irú tuntun sílẹ̀. Àwọn ni a mọ̀ sí TGx, bíi TGx 1448-2E tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbìn títí dòní. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n tí wọ́n ti ṣe fún àgbẹ̀ wa, nítorí irúgbìn ni wọ́n yí padà kí ó lè bá ohun tó ti wà nínú ilẹ̀ mu.

Síbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ gbin sọ́yà sí ilẹ̀ tí sọ́yà kò dé rí, tàbí tí inú kókó bá funfun ní ọdún àkọ́kọ́, bakitéríà inú ọ̀rá lè ràn yín lọ́wọ́. IITA ní Ìbàdàn ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ NoduMax. Ohun alààyè ni. Bí ẹni tó ń tà á bá sá a sí oòrùn, ó ti kú, erùpẹ̀ dúdú lásán ni ẹ rà. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára ọ̀rá, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù.

Ẹ da irúgbìn sínú abọ́ lábẹ́ ìbòòji. Ẹ wọ́n omi tí ẹ ti po ṣúgà díẹ̀ mọ́ sí i, kí ó kàn rin, kò gbọdọ̀ rẹ. Ẹ da bakitéríà lé e ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọ̀rá, kí ẹ rọra pò ó títí yóò fi dúdú lára gbogbo horo. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbìn ín, láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, sí ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin, kí ẹ sì bò ó kíá. Fatiláísà kò gbọdọ̀ kan irúgbìn náà. Oògùn tí wọ́n fi ń pa olú lára irúgbìn lè pa bakitéríà náà pẹ̀lú. Ẹ fi ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ láìpa lára, kí ẹ gbin àwọn yẹn ṣáájú kí ọwọ́ yín tó kan bakitéríà. Àwọn ìlà yẹn ni yóò sọ fún yín bóyá owó yín ṣòfò.

Okùn olú tó ń ràn kiri

Nígbà tí a bá gbọ́ olú, ọkàn wa ń lọ sí èyí tí à ń sè lọ́bẹ̀. Ara olú gan-an ni okùn tín-ín-rín tó ń ràn kiri nínú ilẹ̀, àwọn ìran olú kan sì wà tí kì í hù jáde rárá. Àwọn yìí ló ń wọ inú gbòǹgbò gbágùúdá, àgbàdo, ẹ̀wà àti ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn mìíràn, tí wọ́n ń gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá láti ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, tí wọ́n sì ń gba oúnjẹ. Àjọṣe yìí ti pẹ́ ju kókó ẹ̀wà lọ fíìfíì. Wọ́n rí àmì rẹ̀ nínú òkúta Rhynie ní Scotland, nínú ohun ọ̀gbìn tó ti di òkúta láti ohun tó lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tí ìran ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í gba bakitéríà sára, ọ̀nà tí wọ́n ti fi ń dá olú mọ̀, tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn fún un, ni wọ́n yá lò fún bakitéríà. Títí dòní, bí wọ́n bá ba jíìnì kan jẹ́ lára ọ̀nà yẹn, ohun ọ̀gbìn náà kò ní lè gba olú, kò sì ní lè gba bakitéríà.

Gbágùúdá gbára lé olú yìí gan-an, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, irun ara rẹ̀ kò sì pọ̀. Okùn olú fúnra rẹ̀ kò dá ṣiṣẹ́. Ó ń tu ṣúgà sí ara rẹ̀, bakitéríà ń wá jẹ ẹ́, àwọn náà ń tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó há mọ́ ohun jíjẹrà sílẹ̀, olú á sì gbé e. Àwọn bakitéríà mìíràn wà nínú ara olú gan-an. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Jena, Jámánì, sọ pé májèlé tí olú Rhizopus fi ń pa ọ̀gbìn ìrẹsì kékeré kì í ṣe olú ló ń ṣe é. Bakitéríà tó ń gbé nínú rẹ̀ ni. Láìsí bakitéríà náà, olú yẹn kò tilẹ̀ lè bímọ bó ṣe yẹ.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín láti ṣe kò pọ̀. Ìgbàkígbà tí katakata bá túlẹ̀, okùn olú ń já. Bí ẹ bá lè kọ ebè láìtú gbogbo ilẹ̀ dànù, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò láàárín ìkórè àti òjò tuntun, nítorí olú wọ̀nyí kò lè wà láìsí gbòǹgbò alààyè. Ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà lẹ́yìn gbágùúdá dára.

Nígbà tí tòmátì bá ń rọ

Bakitéríà tó ń pa tòmátì, Ralstonia solanacearum, ń wọlé láti gbòǹgbò bíi ti èyí tó ń kọ́ kókó. Ewé á tutù yọ̀yọ̀ láàárọ̀, á rọ lọ́sàn-án, á tún jí nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kò ní jí mọ́, bẹ́ẹ̀ ewé náà kò pọ́n. Nígbà tí bakitéríà náà bá ṣì kéré nínú igi, kì í ṣe ohun kan tí ojú lè rí. Wọ́n ń fi èròjà kan tí wọ́n ń tú jáde mọ bí àwọn ti pọ̀ tó. Bí wọ́n bá ti pọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ohun yíyọ̀ tó ń dí ọ̀nà omi pa.

Ẹ gé igi tòmátì tó ń rọ nítòsí ilẹ̀, kí gígùn rẹ̀ tó ìka ọwọ́. Ẹ bu omi tó mọ́ sínú gíláàsì, ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé kan omi, ẹ dì í mú láìmì. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ohun funfun bíi wàrà yóò máa fà sọ̀kalẹ̀ láti ojú igi náà wá sí ìsàlẹ̀ gíláàsì. Bakitéríà ni gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sí ohun funfun, tí ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, tí inú igi sì ti dúdú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olú Fusarium, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Toulouse, ilẹ̀ Faransé, gbé jíìnì kíkọ́ kókó láti ara bakitéríà tó ń bá patanmọ́ gbé, wọ́n fi sí ara Ralstonia yìí, wọ́n sì fi í sí ìdí patanmọ́. Kò kọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kókó. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn wọ̀nyẹn wò, ìyípadà kékeré ti ba ohun ìjà tí wọ́n fi ń gún ara ohun ọ̀gbìn jẹ́, tàbí ti ba ohun tó ń darí ìjà náà jẹ́. Wọn kò fún patanmọ́ ní náítírójìn, ṣùgbọ́n apani ti di ẹni tí wọ́n gbà sílé. Láàárín ọ̀tá àti àlejò, jíìnì mélòó kan péré ló wà.

Nínú oko, ẹ má dúró de irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Kò sí oògùn tí ẹ lè fín tí yóò wo tòmátì tó ti rọ, oògùn olú kò sì kàn án rárá. Ẹ hú u tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ sínú àpò, ẹ gbé e kúrò lóko, ẹ má jù ú sí odò tàbí sórí ààtàn tí ẹ ń kó ajílẹ̀. Ẹ má gbin tòmátì, ata, ìkàn tàbí ànàmọ́ òyìnbó síbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ̀pà náà lè kó o. Àgbàdo ni kí ẹ fi rọ́pò. Bí omi òjò bá ń ṣàn láti ibẹ̀ lọ sí oko tòmátì mìíràn, ẹ la ojú ọ̀nà rẹ̀ gba ibòmíràn. Kí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fọ ọkọ́, àdá àti bàtà rẹ̀ kí ó tó kọjá sí oko kejì, kí oko tí tòmátì ti ń rọ sì jẹ́ èyí tí ẹ ó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kẹ́yìn lọ́jọ́ náà.